Iná Ẹ̀yìn Ilé Màlúù

Iná náà kú kí omi tó hó. Kò kú bíi ti iná igi tó máa ń fi ẹyinná àti èéfín sílẹ̀, bí àlejò tó dágbére tó tún ń wẹ̀yìn. Ó kàn ń dínkù ni, títí ó fi kéré bí èékánná ọmọ tuntun, ó ní fùú, ó sì lọ. Alásè yí ọwọ́ sítóòfù náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ṣá iṣáná. Iṣáná jó dé ìka rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó jáde wá gba iná lọ́wọ́ rẹ̀.

"O tún ti ṣe é," ni ó sọ fún sítóòfù, bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìgbọràn wí.

Ọkọ rẹ̀, Oníwàrà, yọjú láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, garawa wàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó kú?"

"Ó kú."

"Mo ti sọ fún ẹ. Ká dí kòtò yẹn, ká gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ẹ̀. Ó kéré tán, a ó rí nǹkan jẹ níbẹ̀."

"Bí ẹ bá fẹ́ dí i, Bàbá wọn, ẹ gbé mi síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu yẹ̀pẹ̀ lé e."

Oníwàrà wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣeré, ó bá gbé garawa rẹ̀ kọjá.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn káfíńtà ilé iṣẹ́ àga tó wà ní òdìkejì títì. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, igi ọ̀fẹ́ ló ń dá. Àwọn káfíńtà ló ń kó o wá fún un: àjákù pákó, ẹsẹ̀ àga tó ṣẹ́, etí tábìlì tí wọ́n ti kun ní fáníìṣì. Ọ̀fẹ́ dùn lóòótọ́, àmọ́ ohun tí èèyàn kò bá fi owó rà, ó lè jẹ́ ara ló máa fi san án. Èéfín fáníìṣì kì í ṣe èéfín lásán. Ó dúdú, ó korò, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun bí àtè. Ó wá di pé bí Alásè bá wúkọ́, àfi kó di ògiri mú. Dókítà gbé ohun èlò rẹ̀ lé e láyà, ó fetí sílẹ̀, ó tún fetí sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá tún padà sínú èéfín pẹ̀lú àyà yìí, èmi ò ní oògùn tí mo lè fún yín mọ́ o."

Obìnrin mìíràn ìbá jókòó sunkún. Alásè kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sunkún. Màlúù ọkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ìgbẹ́ wọn ń ga bí òkè, eṣinṣin ń jayé orí wọn níbẹ̀. Ìdọ̀tí tó ní iná nínú ni wọ́n ń kó dànù lójoojúmọ́, nígbà tí òun ń fi àyà òun dáná. Ó wá bíríkìlà kan tó mọ iṣẹ́ náà. Bíríkìlà gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé màlúù, ó fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ ọ́n, ó kọ́ òrùlé rẹ̀ róbótó bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó la gọ́tà láti ilé màlúù wá sí ẹnu kòtò, kí ìgbẹ́ àti omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ lè máa ṣàn wọlé fúnra wọn. Ó wá fa páìpù láti orí kòtò lọ sí ilé ìdáná.

"Ikùn ni mo mọ yìí o," ni Bíríkìlà wí. "Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló wà nínú ìgbẹ́. Wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń só. Ìsó wọn ni gáàsì. Ẹ fún wọn ní ìgbẹ́, ẹ fún wọn ní omi, ẹ má dí wọn lọ́wọ́."

Ó sì rí bó ṣe wí. Nígbà tó yá, iná aláwọ̀ búlúù yọ lórí sítóòfù, kò rùn, kò ta, kò rú. Alásè dúró tì í, ó mí kanlẹ̀, kò wúkọ́. Nígbà yẹn, ìyá Oníwàrà kò sí nílé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló bímọ, ó lọ bá a tọ́jú ìkókó. Nígbà tí Màmá dé, kò pẹ́ tí iná fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Alásè náà fi í sọ́kàn, àmọ́ kò jẹ́ kó dé ẹnu.

Ilé iṣẹ́ àga ti wá lọ sí ìsinmi ọdọọdún. Kí Ọ̀gá tó ti géètì, ó gba títì kọjá wá fúnra rẹ̀, Pákó sì tẹ̀ lé e. Pákó ni wọ́n ń pe káfíńtà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyá," ni Ọ̀gá wí, "èmi ò bá yín jà. Igi wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ní ẹ ò fẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tá a bá wọlé padà, kí oúnjẹ wà lórí tábìlì tí aago ọ̀sán bá lù. Bí kò bá sí, obìnrin kan ti ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun níṣẹ́ náà. Ìyẹn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ ìgbẹ́."

"Oúnjẹ á wà níbẹ̀, Ọ̀gá."

Pákó na ọrùn. "Ìyá wa, ẹ má bínú o. Ṣé òótọ́ ni pé ìsó kòkòrò lẹ fẹ́ fi se ìrẹsì wa?"

"Òótọ́ ni. Ìwọ náà ń só látàárọ̀, kò tíì se ẹ̀wà kankan jinná."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rín kì í yí ọ̀rọ̀ ọ̀gá padà. Bí iná kò bá jó kí ilé iṣẹ́ tó ṣí, Alásè á pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kó padà sínú èéfín kó pàdánù àyà rẹ̀. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ó pe Bíríkìlà lórí fóònù. Iṣẹ́ ti gbé ìyẹn lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò lè wá.

"Kí lẹ̀ ń fún un jẹ?"

"Ìgbẹ́ màlúù àti omi."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kí ni mo tún fẹ́ fún un? Ẹran díndín?"

"Ìyá, ẹ lọ wò ó dáadáa. Ikùn tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kì í dákẹ́ lásán. Nǹkan kan wà tó ń mu."

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, Alásè dojú korobá dé ẹ̀gbẹ́ ilé màlúù, ó jókòó lé e, ó ń ṣọ́ gọ́tà. Màmá ló kọ́kọ́ jáde. Ó ti wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ dé orúnkún, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, búrọ́ọ̀ṣì wà ní èjìká rẹ̀ bí ìbọn ọlọ́dẹ. Ilé ìwòsàn ni Màmá ti ṣiṣẹ́ ìfọlẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìdọ̀tí tó fojú rí i tí kì í sá. Òun ló fi òfin lélẹ̀ nínú ilé pé a kò gbọ́dọ̀ fún wàrà màlúù kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó mọ́ bí àwo. "Wàrà tó bá ti inú ẹ̀gbin jáde, májèlé ni," ni ó máa ń wí, kò sì purọ́.

Màmá fa omi kún garawa. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò, irú èyí tí wọ́n fi ń fọlẹ̀ ilé ìwòsàn, ó sì dà á sínú omi láìṣahun. Omi náà funfun bíi wàrà gan-an. Òórùn rẹ̀ ta sí Alásè nímú níbi tó jókòó sí. Màmá da omi sílẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ilẹ̀ wàì wàì, ó tún da òmíràn. Omi funfun kó ìgbẹ́ níwájú rẹ̀, ó bọ́ sínú gọ́tà, ó ń sáré, ó kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ Alásè, ó rì sẹ́nu kòtò.

Apakòkòrò ni ikùn náà ń mu. Láràárọ̀, láìgbàwẹ̀.

Alásè dìde, ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Nítorí kí ni ó fẹ́ wí? Pé ìgbà tí Màmá dé ni iná kú? Gbólóhùn kékeré ni, àmọ́ ó lè fọ́ ilé. Bí ó bá ti ẹnu ìyàwó jáde, kò sí ẹni tó máa rántí gọ́tà, kò sí ẹni tó máa rántí kẹ́ẹ̀gì. Ohun tí gbogbo ẹbí máa gbọ́ ni pé ìyàwó pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní àjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò tíì dá a lójú. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, ẹni tó bá sì fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, kó yáa ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ó wí.

"Káàárọ̀, ìyàwó. Kí lò ń ṣe lórí korobá bí adìyẹ tó fẹ́ yé?"

"Mo ń gba atẹ́gùn ni, mà."

Kò gba atẹ́gùn pẹ́. Ó wá ike omi méjì tí wọn ò ju ara wọn lọ. Ó bu ìgbẹ́ tútù sínú àwọn méjèèjì, ìwọ̀n kan náà. Ó fi omi lásán kún ọ̀kan, ó sì fi omi funfun tó gbọ́n nínú gọ́tà kún èkejì. Ó ra fèrè méjì, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ títí á fi wú, ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ ẹnu ike, ó fi rọ́bà dè é pinpin. Ó gbé àwọn ike náà sórí fèrèsé ilé ìdáná níbi tí oòrùn ti ń pa wọ́n, lójú ọ̀nà tí Màmá ń gbà lọ gbá àgbàlá.

Màmá kò lè rí ohun tuntun kó má bèèrè.

"Kí ni wọ̀nyí?"

"Mà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi máa ṣọ́ wọn ni. Nínú ilé yìí, ojú yín ló mọ́ jù. Ìgbẹ́ àti omi ẹ̀rọ ló wà nínú èyí."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìgbẹ́ àti omi inú gọ́tà, mà. Omi tí ẹ fi fọ ilé màlúù."

"A jẹ́ pé ìyẹn ló mọ́ jù."

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, mà."

Màmá wo ìyàwó, ó wo ike, ó ní "hùn-ún," ó sì lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ tí kò dúró níbẹ̀. Àwọn fèrè méjèèjì kọ́kọ́ rọ sílẹ̀ bí etí ewúrẹ́. Oníwàrà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ṣé ọjọ́ ìbí ìgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tó yá, fèrè omi lásán gbé orí. Ó nàró. Ó tóbi bí ẹ̀ṣẹ́, lẹ́yìn náà ó tóbi bí orí ọmọdé, ó pọ́n, ó ń dán nínú oòrùn. Èkejì ò mira. Etí ewúrẹ́ ló ṣì jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alásè bá Màmá níwájú fèrèsé, fèrè tó rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Èmi ni mo ń pa iná rẹ."

Alásè kúnlẹ̀. "Oògùn ni, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Oògùn ò lẹ́sẹ̀. Ta ló ń gbé e?" Màmá fi fèrè náà sílẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì díbọ́n pé ó dùn. "Gbogbo ayé mi ni mo fi pa kòkòrò. Dókítà ńlá á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù mi kó má bàa tẹ ilẹ̀ tí mo fọ̀. Ní ọjọ́ alẹ́ mi, o wá fẹ́ kí n máa sin kòkòrò bí adìyẹ?"

"Inú kòtò nìkan ni, mà. Níbòmíràn, ẹ pa wọ́n run."

"Wàrà ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kí n jẹ́ kí èèyàn máa mu ẹ̀gbin nítorí pé ìwọ fẹ́ dáná?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Alásè ti ronú nípa iná, ó ti ronú nípa àyà rẹ̀, kò tíì ronú nípa ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fún wàrà. Màmá rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yé e, ìyẹn ló sì tu ú lójú díẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ ò mọ́. Ní wọ́ọ̀dù, a kì í da garawa méjì pọ̀. Omi ẹ̀gbin ní ọ̀nà tirẹ̀, omi oògùn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀lẹ nìkan ló ń rọ́ méjèèjì sí gọ́tà kan. Ta ló la gọ́tà yìí ní ẹyọ kan ṣoṣo?"

"Bíríkìlà ni, mà."

"Kò ṣiṣẹ́ ilé ìwòsàn rí. Pe ọkọ rẹ wá, kó mú ọkọ́ dání."

Láti ìgbà yẹn, Màmá ló di ọ̀gá iṣẹ́. Ó fi ìka rẹ̀ fa ìlà sílẹ̀, ó ní kí Oníwàrà gbẹ́ gọ́tà kejì gba ibẹ̀, kó jìnnà sí kòtò, kó jìnnà sí kànga. Oníwàrà ní oòrùn ti mú. Màmá ní oòrùn náà ló gbẹ aṣọ ìkókó òun nígbà tí òun bí i. Oníwàrà gbẹ́ ẹ.

Ó ku ohun tí wọ́n máa fi dí gọ́tà àkọ́kọ́ tí omi oògùn bá ń bọ̀. Alásè sọdá títì. Pákó nìkan ló wà nílé iṣẹ́, tó ń ṣọ́ ẹrù.

"Ìyá wa! Ẹ ti wá kó igi? Mo mọ̀ pé ẹ máa padà."

"Pákó kan ṣoṣo ni mo wá gbà. Wá wọn gọ́tà mi, kó o gé èyí tó máa wọ̀ ọ́ pinpin, tó ṣeé fà sókè tó ṣeé tẹ̀ sílẹ̀."

"Fún àwọn kòkòrò yín? Ẹ ti wá ń kọ́ ilẹ̀kùn fún wọn?"

"Ilẹ̀kùn ni. Ṣé o lè ṣe é, àbí kí n wá káfíńtà?"

Ó wá, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó fá etí rẹ̀. Nígbà tó tì í wọnú gọ́tà, omi kò rí ibi gbà jò. Òun fúnra rẹ̀ fà á sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ètò ìfọlẹ̀ wá di méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì àti omi lásán kó ìgbẹ́ lọ sínú kòtò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ pákó sílẹ̀, Màmá á sì da oògùn rẹ̀ bó ṣe wù ú, omi funfun á gba gọ́tà tuntun lọ. Àmọ́ oògùn àtijọ́ ṣì wà nínú kòtò. Wọ́n ní láti gbọ́n ọn. Ẹ má jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yẹn ṣe ẹwà: ó rùn, ó wúwo, ó ń ta sí aṣọ. Alásè gbọ́n, ó sinmi, ó wúkọ́, ó tún gbọ́n. Màmá dúró ti kòtò nínú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó ń gba korobá, ó ń gbé e fún Oníwàrà kó lọ dà á nù síbi tí wọ́n gbẹ́ fún un. Wọ́n bu ìgbẹ́ tútù àti omi sí i. Nígbẹ̀yìn, Alásè mú ike tí fèrè rẹ̀ wú, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sẹ́nu kòtò, bí ẹni tó ń po ìwúkàrà mọ́ ìyẹ̀fun.

Lẹ́yìn náà, wọ́n dúró. Kò sí ohun tó le tó ìyẹn fún obìnrin tí kò mọ ìdúró. Láràárọ̀ ni ó ń ṣá iṣáná, iṣáná ń jó o níka. Ó ku díẹ̀ kí ilé iṣẹ́ ṣí ni iná tó mú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ tí àwọn káfíńtà wọlé, ẹrù igi ńlá kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà Alásè. Ọ̀gá ló fi ránṣẹ́, ó ní nítorí bí nǹkan bá yíwọ́ ni. Alásè yà fún un bí ẹni tó yà fún ajá tó sùn. Ó ti rẹ ẹ̀wà sómi láti àná, kí iná díẹ̀ lè tó o. Ẹ̀wà jinná. Ó gbé ìrẹsì kaná. Ìrẹsì hó, ó ń pariwo, ó mu omi rẹ̀ dé ààbọ̀, iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ó di èékánná. Ó ní fùú.

Oníwàrà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kí n kó igi wọlé? Díẹ̀ péré. O ò ní dúró níbẹ̀, èmi ni màá dá a."

"Rárá."

"Ìrẹsì ò tíì jinná!"

"Ó ti hó. Ooru tó máa sè é jinná wà nínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jáde lásán ni. Màmá! Ẹ bá mi wá kúbùsù tó nípọn jù nílé."

Màmá jáde pẹ̀lú kúbùsù ilé ìwòsàn rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Wọ́n ti ìdérí ìkòkò pa, wọ́n fi kúbùsù wé e yíká, wọ́n gbé e sínú agbọ̀n ńlá, wọ́n di aṣọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ìkókó. Wọ́n jókòó tì í. Oníwàrà fẹ́ ṣí i wò, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́.

Nígbà tí aago ọ̀sán lù, ìkòkò ẹ̀wà àti ìkòkò ìrẹsì wà lórí tábìlì àwọn káfíńtà. Alásè ṣí ìdérí. Ooru funfun gbéra. Kò sí ẹni tó na ọwọ́. Gbogbo wọn ń wo Pákó, Pákó sì na imú sórí ìkòkò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí, "mo ti múra sílẹ̀ fún òórùn ìgbẹ́. Àmọ́ ilé ìwòsàn ló ń rùn! Ṣé abẹ́rẹ́ lẹ sè ni?"

"Kúbùsù Màmá nìyẹn. Bí o bá jẹun tán, àìsàn ẹnu rẹ á san."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, nínú ẹ̀rín náà ni ọwọ́ àkọ́kọ́ ti kan àwo. Ìrẹsì jinná, ó dá ṣáká. Ọkùnrin méjì nísàlẹ̀ tábìlì kò jẹ, wọ́n ra búrẹ́dì. Alásè rí wọn, kò bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá jẹ tirẹ̀ tán, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n dá ẹni yẹn lóhùn pé iṣẹ́ ò sí. Igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ńkọ́?"

"Ẹ fi ṣe àga, Ọ̀gá. Ẹ kó o kí òjò tó bà á jẹ́. Ó ti ṣòfò tó."

Nígbà tó délé, gáàsì ti tún kó ara jọ díẹ̀. Ó bá Màmá níwájú sítóòfù, kẹ́tù omi lórí iná búlúù kékeré náà, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó wá bẹ ilé wò.

"Màmá, ṣé kí n bu ìrẹsì fún yín?"

"Omi ìwẹ̀ ni mò ń gbóná," ni Màmá wí, kò bojú wẹ̀yìn. "N ò sọ pé mo fẹ́ jẹun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ṣé o ti bọ́ kòtò nírọ̀lẹ́ yìí?"

"Mò ń lọ, mà."

Alásè rẹ ẹ̀wà ọ̀la sómi, ó pọ̀ ju ti àná lọ. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó fa pákó gọ́tà sókè, ó wọ ilé màlúù lọ.